Báńdéèjì Ojú Ìyá Rẹ àti Ìrìn Àwọn Sẹ́ẹ̀lì

Hwolshe, Jos.
Nínú ọyẹ́.

Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ mi,

Wọ́n tún báńdéèjì ojú ọ̀tún ìyá rẹ dì ní àná. Dókítà ní egbò náà ti kéré sí bó ṣe wà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n kò tíì pa dé. Ìrora ti lọ sílẹ̀. Ìyá rẹ ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń bá mi jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, torí pé èmi ni mò ń se ọbẹ̀ báyìí. Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn ní òwúrọ̀ yìí.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní Adó-Èkìtì sílẹ̀, kí o padà wá sí Jos láti tọ́jú ìyá rẹ, àti pé o fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí sáà yìí tó parí. Ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ ló kún ojú ewé àkọ́kọ́. Ní ojú ewé kejì, o sọ pé àwọn ọmọ kíláàsì ń fi Yorùbá ẹnu rẹ ṣe yẹ̀yẹ́, pé Tíṣà Gàm̀bàrí ni wọ́n ń pè ọ́. O ní nígbà tí o fẹ́ kí wọ́n dákẹ́, "Kai, ku yi shiru!" ló já lẹ́nu rẹ, tí gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Má bínú, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kà á sí ìyá rẹ létí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ ojú mú, ó ní kí n má pa òun.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà gígùn. Èyí yóò gùn. Kà á tán kí o tó kọ ìwé kankan sí ọ̀gá rẹ.

Jẹ́ kí n sọ bí ojú náà ṣe fara pa, nítorí èyí tí o gbọ́ lẹ́nu èrò ọkọ̀ kò pé. Ìyá rẹ lọ kí Kaneng, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Du, ó sì bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ acha. O mọ̀ pé hóró acha kò tóbi ju iyanrìn lọ, èèpo rẹ̀ sì fúyẹ́ ju hóró rẹ̀ lọ. Atẹ́gùn ọyẹ́ yí padà, èèpo kó sí i lójú. Kaneng ní kó fi omi ṣàn án, kó má fọwọ́ kàn án. Etí ìborùn ni ìyá rẹ fi nù ún. Awọ kan wà níwájú ẹyinjú tó mọ́ gaara bíi dígí. Òkè awọ yẹn ni èèpo náà ha, bí èékánná ṣe ń ha ara.

Dókítà ṣàn án, ó kán oògùn sí i, ó dì í, ó ní kí á padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. "Màmá, ẹ má ṣí i o." Ìyá rẹ ní òun gbọ́. Nígbà tí a padà lọ, egbò náà fẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Dókítà pààrọ̀ oògùn. A tún padà lọ, bákan náà ni. Nígbà náà ni ó pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní bí kòkòrò àrùn bá ráyè wọ ibẹ̀, àpá funfun lè bo ojú náà, kó má sì ríran mọ́.

Iṣẹ́ ni mò ń lọ ní gbogbo àsìkò yìí. Ọjọ́ kan tí orí ń fọ́ mi, mo tètè padà sílé, mo sì bá Màmá Bíọ́dún tó wá láti Laranto, àtàwọn obìnrin méjì láti ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì, nínú pálọ̀. Wọn kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ojú kẹ̀! Ẹ jẹ́ ká wò ó."

"Wọ́n ní kí n má ṣí i."

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ má ṣí i fún ayé. Ṣé àwa layé ni? Ẹni tó wá kí aláìsàn tí kò rí ibi tó ń dùn ún, kí ló wá kí? Báńdéèjì?"

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé etí báńdéèjì náà sókè.

"Háà! Ó mà pọ́n o!"

"Sannu, Màmá. Allah ya sawwaƙe," pé kí Ọlọ́run mú un fúyẹ́, ni ọ̀kan nínú wọn wí, ẹni tí wọ́n bí sí Jos níbí bíi tìrẹ. Wọ́n kẹ́dùn, wọ́n gbàdúrà, ìyá rẹ lẹ báńdéèjì náà padà, wọ́n sì lọ.

Mo bi í léèrè pé, "Ta lo tún ṣí i hàn?"

"Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, ta ni n kò ṣí i hàn? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Hajiya ẹ̀yìnkùlé wa ńkọ́? Ó gbé fura wá fún mi. Ṣé kí n mu fura rẹ̀ tán kí n wá fi ojú pamọ́ fún un?"

Ìwà ọmọlúàbí ni ìyá rẹ ń hù. Ojú rẹ̀ ló sì ń fi san án.

Nígbà tí mo sọ fún dókítà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Tíṣà, egbò yìí ò le. Ẹ sá gba Màmá lọ́wọ́ àwọn tó ń kí wọn."

Nítorí pé báyọ́lọ́jì ni ìwọ náà ń kọ́ àwọn ọmọ, jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ báńdéèjì náà bó ṣe yé mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ohun tí kò pé. Mo ní sẹ́ẹ̀lì dà bí àpò omi, tí kókó kan léfòó nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà ní yunifásítì nìyẹn, tàbí ohun tí mo gbọ́ nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi. Ìgbà tí wọ́n kó àwa tíṣà jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lásìkò ìsinmi kan, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ni mo rí àwòrán sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi àwọ̀ tí ń tàn kùn nínú. Kò dà bí àpò omi rárá. Fọ́nrán ló kún inú rẹ̀ láti etí dé etí, bí okùn àgọ́ tí wọ́n fà le. Ákítìn ni orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, pùròtéènì kan náà tó wà nínú iṣan ẹran tí à ń jẹ. Mo wo àwòrán náà títí ẹni tó jókòó tì mí fi ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ káwa náà rí i."

Egbò orí ẹyinjú kì í hù jáde láti ìsàlẹ̀ bíi koríko. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà létí egbò ló ń rìn wọ inú rẹ̀. Ìrìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń rìn kí wọ́n tó máa pọ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀lì yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò sì na etí kan síwájú, tó fẹ́lẹ́ bí ahọ́n. Ohun tó ń ti ahọ́n náà ni ákítìn. Àwọn hóró rẹ̀ kéékèèké ń so kọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń di fọ́nrán; tí hóró tuntun bá ti ń so mọ́ orí fọ́nrán níwájú, fọ́nrán ń gùn, ó sì ń ti awọ sẹ́ẹ̀lì lọ. Ahọ́n yẹn yóò wá lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn pùròtéènì mìíràn yóò fa àwọn fọ́nrán náà, bí ènìyàn ṣe ń fa okùn, tí ẹ̀yìn sẹ́ẹ̀lì yóò fi já kúrò nílẹ̀ tí yóò sì tẹ̀ lé iwájú. Fọ́nrán tó ti ṣiṣẹ́ tán yóò tú padà sí hóró, hóró yóò sì tún lọ síwájú láti di fọ́nrán mìíràn.

Nǹkan méjì ni kí o fi sọ́kàn. Ìrìn náà lọ́ra débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ìkejì, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe lẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kò lágbára. Nígbà tí ìyá rẹ bá ṣí ojú fún àlejò, tó ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ kúrò bí ìgbálẹ̀. Àwọn tó kù létí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Hajiya dé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Màmá Bíọ́dún dé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí, Àdùkẹ́ ọmọ mi. Má máa ṣí ohun tó ń jinná lọ́wọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ní kí o jẹ́ kí òun wò ó, kódà fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ. O kọ ọ́ fúnra rẹ pé o ti bi ọ̀gá ilé-ìwé, o bi ìyàwó rẹ̀, o bi tíṣà tí ẹ jọ ń gbé, bóyá Yorùbá rẹ ti dára sí i. Ọjọ́ wo lo dé ibẹ̀? Báńdéèjì lò ń ṣí yẹn. Ẹni tí o bá bi yóò wò ó, yóò ní "ó mà pọ́n o", ọkàn rẹ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti etí.

Mo ṣe irú rẹ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Jos, tí òmìnira ṣì tutù lọ́wọ́ wa, mo bu omi nínú adágún tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀, mo sì rí àmíbà nínú rẹ̀. Inú mi dùn. Mo pe kíláàsì, mo pe ọ̀gá àgbà, mo pe tíṣà tó ń kọ́ wọn ní orin. Gbogbo wọn ń to sídìí maikirosíkóòpù. Mo tan iná rẹ̀ dé òpin kí wọ́n lè rí i dáadáa, wọ́n ń fìgúnpá kan tábìlì. Àmíbà náà ká gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó di róbótó, kò mira.

Tíṣà orin ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹyọ iyanrìn lẹ pè wá wá wò yìí."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. "Tíṣà Oníyanrìn" ni wọ́n ń pè mí títí sáà fi parí. Nígbà tí gbogbo wọn lọ, mo dín iná kù, mo jókòó jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀. Kò kú. Èrò ló pọ̀ jù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìmọ̀ràn kejì ni ọ̀rọ̀ lílẹ̀ mọ́lẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá di ilẹ̀ mú, bó ti wù kó na ahọ́n tó, yóò kàn máa yọ̀ lójú kan ni. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, àpótí aṣọ mi kò kúrò lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé mi padà sí ìwọ̀-oòrùn, mo sì ń retí èsì. N kò kọ́ Hausa, torí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Bí mo bá dé ọjà, Òyìnbó ni mò ń sọ sí ẹni tó ń ta tòmátì. Ọjọ́ kan ó na ọwọ́ sí mi, ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ga Bature baƙi ya zo!" Òyìnbó dúdú ti dé. Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bínú relé. Ìyá rẹ, tó lóyún rẹ nígbà náà, kò bá mi bínú. Ó ní, "Ṣé wọ́n purọ́ ni?" Nígbà tí mo dé láti ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì, ó ti tú àpótí mi, ó ti fi aṣọ mi kọ́ sára ògiri, ó sì ti ń gbin igi oró ẹlẹ́gùn-ún yí ilé ká. Ọgbà oró tí ewúrẹ́ kò lè gbà kọjá títí dòní nìyẹn. Ibi tí ayé bá bá ni là á ti í jẹ ẹ́.

Wo àpótí tìrẹ ní Adó. Ṣé o ti tú u? N kò ní kí o lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ títí ayé o. Sẹ́ẹ̀lì tó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, kì í lè fa ẹ̀yìn rẹ̀ tu. Ojú kan ni yóò wà. Dì í mú tó bí o ṣe lè fi fa ara rẹ síwájú.

N kò sì fara mọ́ ohun tí o kọ pé ó wù ọ́ kí o "gbàgbé Hausa pátápátá". Sẹ́ẹ̀lì kì í ju ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nù. Wo àwọn bíríkìlà: igi tí wọ́n gùn kọ́ ògiri àkọ́kọ́, wọn kì í dáná sun ún, wọn á tú u, wọn á gbé e lọ sí ògiri tó kàn. Hausa ẹnu rẹ, ọyẹ́ tí o gbọ̀n nínú rẹ̀ dàgbà, acha tí o jẹ ní Du, hóró ni gbogbo wọn. Tú wọn, kí o gbé wọn lọ síwájú. Bí wọ́n bá tún pè ọ́ ní Tíṣà Gàm̀bàrí, kọ ọ̀rọ̀ Hausa kan sójú pátákó, kí o ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Èkìtì kan san án. Ìwọ yóò mọ ọ̀rọ̀ tí ìyá mi ń sọ, àwọn náà yóò mọ bí wọ́n ṣe ń ná tòmátì ní Jos.

Ó ku èyí tó jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ gan-an. Bí o bá kọ́ wọn débi ákítìn, ọmọ kan yóò béèrè pé kí ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé iwájú nìyí, ẹ̀yìn nìyẹn. Ọmọ kan béèrè lọ́wọ́ mi, mo sì hun ìdáhùn kan fún un tí mo fi ń tijú títí di ìsinsìnyí. Àwọn onímọ̀ mọ díẹ̀ níbẹ̀. Púpọ̀ ṣì kù. Sọ fún wọn pé a kò tíì mọ̀. Ọ̀wọ̀ rẹ kò ní já bọ́.

Lẹ́yìn tí dókítà bá mi sọ̀rọ̀, mo gbé àga sí fàráńdà. Ẹni tó bá wá kí ìyá rẹ, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ ń dé. Màmá Bíọ́dún wo àga náà, ó wò mí.

"Tíṣà, ẹ ti di maigadi ìyàwó yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé ẹ rò pé a fẹ́ jí wọn gbé ni?"

"Ojú wọn nìkan ni mò ń ṣọ́. Ìyókù, ẹ lè máa gbé e lọ."

Kò rẹ́rìn-ín. Kò mu tíì tí mo gbé fún un. Mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ nínú ẹgbẹ́ pé ojú náà ti fọ́, pé mò ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Láti ìgbà tí àga náà ti wà níbẹ̀ ni egbò náà ti ń kéré.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. O ti dàgbà, n kò lè dì ọ́ lọ́wọ́ mú. Ohun tí mo béèrè ni pé kí o mọ èyí tó ń fà ọ́ nínú ojú ewé méjèèjì. Bó bá jẹ́ ojú ewé àkọ́kọ́ ni, ìsinmi kò jìnnà, wọ ọkọ̀ kí o wá, ilé rẹ nìyí. Bó bá jẹ́ ojú ewé kejì ni, má fi ojú ìyá rẹ ṣe báńdéèjì fún un. Mo bi ìyá rẹ léèrè ohun tí òun fẹ́. Ó ní, "Kó dúró síbi iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá wá báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ ni pé, Màmá, ẹ ṣí i kí n wò ó." Mo rò pé òótọ́ ló sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni dókítà yóò kán oògùn kan tó ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n sí ojú náà, yóò sì tan iná aláwọ̀ aró sí i. Ibi tí egbò bá ṣì wà yóò tàn bí ewé tútù. Bí ohunkóhun kò bá tàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì ti pàdé láàárín nìyẹn; síbẹ̀ yóò gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó di ilẹ̀ mú dáadáa, àga mi kò sì ní kúrò ní fàráńdà.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àná tí n kò tíì mọ bí mo ṣe máa kà á. Dókítà ti tú báńdéèjì, ó ń wá oògùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá rẹ kọjú sí fèrèsé, ó ní, "Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, ewúrẹ́ kan wà lórí àpáta ọ̀hún." Mo wò ó. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó kéré, ó jìnnà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àwọ̀ àpáta náà. Mo bi í pé ojú wo ló fi rí i. Ó ní ọ̀tún ni. Ṣùgbọ́n òsì náà là sílẹ̀ nígbà náà, a kò sì tètè rántí pé kó fọwọ́ bò ó. Nígbà tí mo fi máa sọ bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ náà ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn àpáta.

Bàbá rẹ.